Àádọ́ta Ọkọ̀ Ogun àti Iwájú Ilé Bàbá Wa

Ẹni tí kò bá tíì tọrọ nǹkan rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni yóò sọ pé títọrọ rọrùn. Èmi ti tọrọ rí. Mo mọ bí ọ̀fun ti í gbẹ. Mo mọ bí èèyàn ti í dé ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́, tí yóò tún yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Mo mọ bí a ti í kí onílé títí, tí a ó béèrè ìyàwó, tí a ó béèrè ọmọ, tí a ó béèrè ajá pàápàá, kí ọ̀rọ̀ tí a tìtorí rẹ̀ wá tó jáde lẹ́nu.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan nínú ìtàn ogun Hitler fi wọ̀ mí lára ju gbogbo ìyókù lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ akin tó pa èèyàn lọ súà. Ọ̀rọ̀ olórí ìjọba ńlá kan ni, tó jókòó tó fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó jọ̀wọ́ yá òun ní ọkọ̀ ogun ojú omi, irú èyí tí àwọn baba wa ń pè ní mánúwà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kàrún-ún ọdún 1940 ni Winston Churchill di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ Họ́láǹdì àti Bẹ́ljíọ̀mù. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àga tó fi kọ̀wé sí Franklin Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Ẹ wo ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Kò fi orúkọ oyè rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ wáyà. Ó pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ogun ojú omi rí. Nígbà ogun ti àkọ́kọ́, òun ni mínísítà tó ń bójú tó ọkọ̀ ogun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Roosevelt náà sì jẹ́ igbá-kejì ẹni tó ń bójú tó irú iṣẹ́ yìí kan náà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ, ohun tó pa òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ṣẹnu ọ̀nà.

Ọkọ̀ tó ń tọrọ kì í ṣe tuntun. Dẹ́sítírọ́yà àtijọ́ ni, bíi 40 tàbí 50. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, dẹ́sítírọ́yà kì í ṣe èyí tó tóbi jù nínú ọkọ̀ ogun. Ó kéré, ó sì yára. Iṣẹ́ ọdẹ adúgbò ni iṣẹ́ rẹ̀: òun ni í rìn yí àwọn ọkọ̀ ẹrù ká lójú agbami, tí í ṣọ́ wọn, tí í sì wá ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì kiri láti ju bọ́ǹbù lé e lórí nísàlẹ̀ omi. Erékùṣù ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi ni oúnjẹ ń gbà wọlé, omi ni epo ọkọ̀ ń gbà wọlé, omi ni ìbọn ń gbà wọlé. Bí ọdẹ bá tán lójú ọ̀nà, ebi yóò ṣe ohun tí ọmọ ogun kò tíì ṣe.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Bàbá wa, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà ogun náà, máa ń sọ bí ìjọba ti ní kí tọmọdé tàgbà máa pa èkùrọ́ láti fi ran ogun lọ́wọ́. Kò mọ ibi tí èkùrọ́ ń lọ. Freetown ní Sàró ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa ti ń para pọ̀ kí wọ́n tó forí lé Ìlú Òyìnbó lọ́wọ̀ọ́wọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tó ń ṣọ́ wọn. Ojú òkun kan náà ni wọ́n gbà kó àwọn ọmọ wa lọ jagun ní Bọ́mà. Nítorí náà, nígbà tí Churchill ń tọrọ ọdẹ, ẹrù tiwa náà wà lára ohun tí ọdẹ yóò ṣọ́.

Kí ni Roosevelt wí? Láàárín ọjọ́ méjì ló fèsì. Kò sọ pé rárá. Ó ní òun kò lè gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé Kóńgírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí i, àkókò kò sì tíì tó láti bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú èsì bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, nínú ilé bàbá wa ní Ṣómólú. Ní ọdún 1998, mo gba àsansílẹ̀ owó kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ìjọ kan àti ẹgbẹ́ méjì. Mo ti fi owó náà ra bébà tán. Bí a ti wọ oṣù Kẹwàá báyìí ni ẹ̀rọ mi jóná. Ẹni tó wá tún un ṣe ṣí i wò, ó mirí, ó dì í padà. Ó ní ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ mìíràn. Kàlẹ́ńdà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oṣù Kìíní bá ti wọlé, ó ti di bébà ìdì-àkàrà nìyẹn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tápólì ni wọ́n fi bò ó. Mo lọ bá a. Lẹ́yìn tí mo ti kí i títí dórí ajá, mo tọrọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi la jọ ni iṣẹ́ yìí. Bí mo bá kàn gbé e fún ọ báyìí, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn? Jẹ́ kí n máa wò ó ná."

Mo dúpẹ́, mo lọ sílé. Ẹni tí a bá ní kó jẹ́ ká máa wò ó ná kò lè bínú, kò sì lè sùn.

Churchill náà kò sùn. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kàrún-ún sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tó lé ní 338,000 kúrò ní Dunkirk, ṣùgbọ́n dẹ́sítírọ́yà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà rì síbẹ̀, ọ̀pọ̀ mìíràn sì fara gba ọgbẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, Ítálì wọ ogun. Lọ́jọ́ kejì, Churchill tún kọ wáyà. Ní ọjọ́ 22, Faransé tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò jà mọ́, gbogbo èbúté tó wà ní etíkun rẹ̀ tó kọjú sí agbami sì bọ́ sọ́wọ́ Jámánì. Ní ọjọ́ 28, Kóńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà tún fi okùn mọ́ ẹsẹ̀ Roosevelt: òfin tuntun ní ohun ogun kankan kò gbọdọ̀ lọ sílùú mìíràn àfi bí ọ̀gá àgbà àwọn ológun bá fọwọ́ sí i pé Amẹ́ríkà kò nílò rẹ̀ fún ààbò ara rẹ̀.

Ẹ má bú Roosevelt. Ìbò ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá, ó sì fẹ́ ṣe Ààrẹ nígbà kẹta, ohun tí Ààrẹ kankan kò ṣe rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú rẹ̀ ni ogun ti àkọ́kọ́ ṣì ń dùn, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun àwọn ará Yúróòpù mọ́. Ohun mìíràn tún wà. Bí ó bá yá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀, tí Hitler sì ṣẹ́gun wọn, ọkọ̀ náà lè di ohun tí Hitler yóò fi bá Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ jà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, Churchill kọ èyí tó gbóná jù. Ó dárúkọ àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, dẹ́sítírọ́yà mọ́kànlá ló ti rì tàbí tó ti bàjẹ́. Ó sọ fún Ààrẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé nínú ìtàn ayé tó gùn tó báyìí, ohun tó yẹ ní ṣíṣe nísinsìnyí nìyí. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Agbéraga ọkùnrin ni, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń wá, ojú náà ló ń rí.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà níkẹyìn nìyí. Roosevelt kò lágbára láti fi ọkọ̀ ìjọba tọrẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ohun tó níye lórí ju ọkọ̀ lọ, ta ni yóò sọ pé ó fi ohun ìní ìlú ṣòfò? Robert Jackson, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ pé Ààrẹ lè ṣe pàṣípààrọ̀ náà láìlọ sí Kóńgírẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ kò dùn létí Churchill. Ó fẹ́ kó dà bí ẹni pé ọ̀rẹ́ méjì ń fún ara wọn lẹ́bùn, kí ó má baà dà bí ọjà. Wọ́n bá pín in sí méjì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1940, Lord Lothian tó jẹ́ aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Cordell Hull ti Amẹ́ríkà pààrọ̀ ìwé. Ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà yóò fi ṣe ibùdó ológun ní Newfoundland àti Bermuda, ẹ̀bùn ni. Ti Bahamas, Jàmáíkà, Antigua, St Lucia, Trinidad àti Guyana, ìyẹn ni wọ́n fi gba dẹ́sítírọ́yà 50. Ọdún 99 ni wọ́n dá fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún orúkọ àwọn ìlú yẹn kà. Jàmáíkà. Trinidad. Antigua. Ọmọ ta ni ń gbé ibẹ̀? Àwọn ọmọ tí wọ́n kó láti ọ̀dọ̀ wa ni. Ní Trinidad, títí di òní, àwọn kan ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ògún, nítorí pé ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ọkọ̀ gbé dé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ gbèsè, ilẹ̀ wọn ló fi san án.

Ìtàn tèmi kò yàtọ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tí mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi lẹ́ẹ̀kẹta, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Iwájú ilé yín tó kọjú sí títì yẹn, fún mi ní ọdún mẹ́wàá kí n fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Màá lè sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n mi pé pàṣípààrọ̀ ni." Mo fò sókè. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. A fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tì í lẹ́yìn.

Iwájú ilé náà kò ṣófo. Àbúrò mi obìnrin ló ń tajà níbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn tó ń ta gaàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ níbẹ̀; ìyá oníbàárà kò sì ní wá a tì. Ilé náà kì í ṣe tèmi nìkan. Bàbá kan náà ló bí wa, bàbá náà ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èmi ni àkọ́bí, mo sì rò pé ohun tí àkọ́bí bá wí ti di òfin.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún un pé kó bá mi kó ọjà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, létí gọ́tà.

Ó wò mí. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹnikẹ́ni bi mí?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá mú mi nítorí owó ìjọ, ojú ta ni yóò tì? Ṣé kì í ṣe gbogbo ilé yìí ni?"

Ó ní, "Bọ̀dá, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Mo ní, ṣé ẹnikẹ́ni bi mí?"

Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó àpò gaàrí rẹ̀ lọ sétí gọ́tà. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó kó lọ sí Ìkòròdú.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Àgbàbọ̀ ni àgbàbọ̀ ń jẹ́. Yíǹkì ń jò lára rẹ̀, ó sì ń fa bébà ya. Oru mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe kó tó ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àádọ́ta ọkọ̀ yẹn rí. Ìgbà ogun àkọ́kọ́ àti kété lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kàn wọ́n. Ihò èéfín mẹ́rin mẹ́rin ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ti wà lóró. Ní Halifax, nílẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti fà wọ́n lé àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ láti oṣù Kẹsàn-án. Inú àwọn atukọ̀ dùn nígbà tí wọ́n bá oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n dójú agbami ni wọ́n rí i pé ọkọ̀ náà ń yí gbiri nínú ìgbì, pé kì í tètè ṣẹ́rí, pé omi ń jò wọlé. Ọ̀pọ̀ ló tún padà sọ́dọ̀ àwọn alátùn-únṣe fún oṣù gbọọrọ.

Síbẹ̀, ogbó ajá kì í ṣaláìgbó. Ọ̀kan nínú wọn, Broadway, wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kàrún-ún ọdún 1941 nígbà tí wọ́n mú ọkọ̀ abẹ́ omi U-110, tí wọ́n sì bá ẹ̀rọ Enigma tí àwọn Jámánì fi ń kọ ọ̀rọ̀ àṣírí nínú rẹ̀. Òmíràn ni Campbeltown, tó ń jẹ́ Buchanan nígbà tó wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1942, wọ́n kó ohun abúgbàù kún imú rẹ̀, wọ́n sì fi kan ilẹ̀kùn ibi ìtúnkọ̀ṣe ńlá tó wà ní St Nazaire, nílẹ̀ Faransé. Ó bú gbàù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ nìkan ló lè gba Tirpitz, àgbà ọkọ̀ ogun Jámánì, ní etíkun agbami yẹn. Wọn kò lè lò ó mọ́ títí ogun fi parí. Ọkùnrin 169 ló kú sí ìrìn àjò yẹn, márùn-ún sì gba Victoria Cross. Ọkọ̀ tí ẹnì kan ti pa tì ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹni tí a tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí lè di ẹni tí yóò tọrọ lọ́la. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, Roosevelt sọ fún àwọn oníròyìn pé bí ilé aládùúgbò bá ń jóná, èèyàn kì í kọ́kọ́ gba owó rọ́bà omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un kó paná, kó dá rọ́bà padà tó bá tán. Bí ètò Lend-Lease ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó di òfin ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1941. Kò pé ọdún kan sí i tí iná fi dé ilé tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ ẹrù létíkun Amẹ́ríkà, níbi tí ojú àwọn ará ìlú ti ń tó wọn. Ọdẹ tí yóò ṣọ́ ibẹ̀ kò tó. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá yá Amẹ́ríkà ní ọkọ̀ ìpẹja 24 tí wọ́n ti sọ di ọkọ̀ ogun, tòun tàwọn tó ń tù ú. Ọ̀kan nínú wọn, Bedfordshire, rì ní ọjọ́ 11 oṣù Kàrún-ún ọdún 1942 létíkun North Carolina. Òkú mẹ́rin nínú àwọn atukọ̀ rẹ̀ ni omi gbé wá sí erékùṣù Ocracoke. Àwọn ará ibẹ̀ sin wọ́n, àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fẹ́ lórí ibojì wọn.

Èyí dára. Ọ̀rẹ́ ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ará Trinidad kò kúrò lọ́kàn mi. Ibi tí wọ́n fún Amẹ́ríkà ni Chaguaramas, etíkun dáadáa tí àwọn ará Port of Spain ti máa ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ṣe fàájì. Gómìnà tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ rán síbẹ̀, Hubert Young, takò ó, ó ní kí wọ́n lọ lo ilẹ̀ àbàtà Caroni dípò rẹ̀. Wọn kò gbọ́. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kó ẹrù wọn, ṣọ́jà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1960, Eric Williams kó èrò jọ nínú òjò ní Port of Spain láti béèrè ilẹ̀ náà padà. Ọdún 1967 ni ibùdó ọkọ̀ ogun náà tó kógbá sílé.

Mo parí kàlẹ́ńdà mi ṣáájú Kérésì ọdún 1998. Ọlọ́pàá kò mú mi. Ọ̀rẹ́ mi lo ọdún mẹ́wàá rẹ̀ pé, ó dá iwájú ilé padà, a kò sì jà. Bí èèyàn bá wò ó láti òde, ohun gbogbo lọ dáadáa. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò burú láti tọrọ, kò sì burú láti san ohun tí a fi tọrọ. Ohun tí mo ń wí ni pé kí á wo àpò tí a ti ń mú owó náà jáde, bóyá tiwa ni.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi ní Ìkòròdú. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a tajà. Mo sọ ìtàn àádọ́ta ọkọ̀ yìí fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè títí mo fi sọ̀rọ̀ dé Trinidad.

Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n dá ilẹ̀ àwọn èèyàn náà padà fún wọn?"

Mo ní wọ́n dá a padà.

"Lẹ́yìn ọdún mélòó?"

Mo ṣírò rẹ̀ láti 1940. Mo ní, "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Ó ní, "Tiwa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà yẹn." Ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ wá fún mi.

Mo fọwọ́, ṣùgbọ́n n kò lè tètè fi kan àmàlà náà. Mo ní, "Àbúrò mi, n kò bi ọ́. Ó yẹ kí n bi ọ́."

Kò dá mi lóhùn. Ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó gbé e padà síwájú mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹun. Ó ń tutù."